Lẹ́tà Tí A Kà Ní Pálọ̀

Àpò kan ṣoṣo ni Bàbá, ajíhìnrere alárìnkiri tó wá kọ́ wa ní Bíbélì, gbé wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé ẹrù ṣì kù nínú ọkọ̀, mo sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń gbé ìyókù bọ̀. Kò sí ìyókù. Aṣọ ìpààrọ̀ méjì, awò ojú, Bíbélì kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, àti ìwé kékeré tó ń kọ nǹkan sí. Gbogbo ohun tó ń gbé láti ilé dé ilé nìyẹn, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti wà lẹ́nu rẹ̀.

A ti ṣètò dè é. Èmi àti ọkọ mi to àga ní ìlà mẹ́ta, gbogbo wọn kọjú síwájú, a gbé tábìlì kékeré síbi tí a rò pé yóò dúró sí, a da aṣọ funfun bò ó. Iyì ni a rò pé a ń fún un. Bàbá wo gbogbo rẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé tábìlì náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jókòó yíká, kí kálukú lè máa rí ojú ẹnìkejì rẹ̀.” Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga. Ọkọ mi sáré gba èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwa tó kù náà sì dìde. Àga tó gbẹ̀yìn, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú díẹ̀, lòun fúnra rẹ̀ jókòó lé.

Ìjọ wa kéré. Mọ́kànlá ni wá nígbà náà, bí a bá ka àwọn ọmọdé méjì tó máa ń sùn lọ kí orin kejì tó parí. Kò sí pásítọ̀ tó ń gbé láàárín wa. A máa ń pàdé, a ó kọrin, a ó gbàdúrà, ẹnì kan yóò ka ibì kan nínú Bíbélì, a ó ṣe àmín, a ó túká. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ajíhìnrere máa ń yà sọ́dọ̀ wa, bí ọ̀nà rẹ̀ bá gba apá ibi tí a wà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, ojú wa kì í kúrò lọ́nà. Ohùn ara wa nìkan ni a ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, a sì máa ń retí pé ẹni tó ti rìn jìnnà yóò gbé nǹkan ńlá bọ̀.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tó ní ká ṣí Bíbélì wa, ọwọ́ ọ̀pọ̀ wa ti wà ní ẹ̀yìn ìwé, níbi Ìfihàn. Ó ní Fílémónì. Arákùnrin kan ní láti wo iwájú ìwé kó tó mọ ibi tó wà. Orí kan, ẹsẹ 25. Nínú èdè Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ kò tó 350 ọ̀rọ̀. Alẹ́ márùn-ún ni Bàbá ní láti lò lọ́dọ̀ wa, ó sì sọ fún wa pé lẹ́tà yìí ni a ó fi alẹ́ márààrún kà. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́. Mo ti ń kó ìbéèrè jọ fún un láti oṣù mélòó kan: nípa ìparí ayé, nípa ìjìyà, nípa ìdí tí àdúrà kan fi ń gbà tí òmíràn kì í gbà. Kí ni mo fẹ́ fi lẹ́tà tí wọ́n kọ sí olówó kan nítorí ẹrú rẹ̀ ṣe?

Ìlànà kan ló fi lélẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, a kò sì yẹ̀ ẹ́ títí ó fi lọ: kí a tó sọ ohunkóhun, a ó ka lẹ́tà náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó ní bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nìyẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Nọ́ńbà ẹsẹ tí a ń tọ́ka sí lónìí kò sí níbẹ̀. Ọdún 1551 ni Robert Estienne, òǹtẹ̀wé ará Faransé, fi wọ́n sínú Májẹ̀mú Tuntun tó tẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́tà náà kò lè fa ẹsẹ kan yọ kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀wé kà. Ẹnì kan dìde, ó ka ìwé, àwọn tó kù tẹ́tí.

Nígbà tí a kà á tán lálẹ́ àkọ́kọ́, Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò wá, ó ní, “Ta ló wà nínú yàrá náà?”

A kò mọ yàrá tó ń sọ. Ó ní ká padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ní Fílémónì wà níbẹ̀. Ìyá àgbà kan ní Áfíà wà níbẹ̀, Ákípù náà wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní, àti ìjọ tó wà nínú ilé rẹ̀. Bàbá ní ó dáa, ta ló tún kù? A dákẹ́. Ó ní ká lọ sí ẹsẹ 12. Níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù ní òun ti rán an padà, ẹni tí í ṣe ọkàn òun gan-an.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ònẹ́símù, ẹrú tí gbogbo lẹ́tà náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bá lẹ́tà náà dé ni. Ó ti wọlé olówó rẹ̀. Bóyá ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, bóyá wọ́n ní kó jókòó, Bíbélì kò sọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí a ti máa ń kà bí ìmọ̀ràn tútù láàárín àgbà méjì, ojú ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ nípa rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́, ojú gbogbo ìjọ ló sì ṣe. Ní pálọ̀ ẹnì kan. Irú yàrá tí a jókòó sí yìí. Mo wo àga wa tó yí ká, mo wo ẹnu ọ̀nà wa, ó sì dà bí ẹni pé ẹnì kan dúró níbẹ̀ tó ń dúró dè wá kí a sọ ohun tí a fẹ́ ṣe sí i.

Bàbá kò ṣàlàyé kọjá ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní ká lọ sùn.

Ohun kan wà tí èdè wa jẹ́ kí a rí ní alẹ́ kejì, mi ò sì lè gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kí wọn ní ẹsẹ 3, gbogbo ilé ló kí: oore-ọ̀fẹ́ fún yín. Láti ẹsẹ 4, ó yíjú sí ẹnì kan ṣoṣo. Ìwọ. Ìfẹ́ rẹ, ìgbàgbọ́ rẹ. Mo bẹ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí dé ẹsẹ 22, níbi tó ti ní òun ń retí pé a ó fi òun fún wọn padà nípa àdúrà yín, ó sì fi yín parí rẹ̀. Bàbá ní ká ṣọ́ra, nítorí pé ní ẹnu tiwa, ẹ àti yín lè jẹ́ ọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Nínú lẹ́tà yìí, kò sí ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn púpọ̀ ni. Ó ní, “Fílémónì nìkan ló ní láti pinnu. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń wò ó bó ṣe ń pinnu.” Mo ti ka lẹ́tà yìí rí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rí ìwọ àti ẹ̀yin rí.

Ìjọ tó wà nínú ilé ẹnì kan kì í ṣe nǹkan àjèjì ní ìgbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ti Pìrìsíkílà àti Ákúílà rí nínú Róòmù 16, bẹ́ẹ̀ ni ti Nímfà nínú Kólósè 4. Ilé Lìdíà ní Fílípì ni Pọ́ọ̀lù àti Sílà padà sí nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ní Dura-Europos, ìlú àtijọ́ kan lẹ́bàá odò Yúfúrétì ní Síríà, àwọn awalẹ̀ rí ilé kan ní nǹkan bí ọdún 1932 tí àwọn Kristẹni ti sọ di ibi ìpàdé kí ìlú náà tó bàjẹ́ ní nǹkan bí ọdún 256. Ilé gbígbé lásán ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n wó ògiri tó wà láàárín yàrá méjì kí ààyè lè gba ènìyàn sí i. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. A ti ń fojú kéré ìpàdé inú ilé yìí láàárín wa, bí ẹni pé ìgbà tí a bá ní ilé ìjọsìn tiwa ni a ó di ìjọ. Ẹnì kan ti wó ògiri ilé ara rẹ̀ rí nítorí irú ìpàdé wa.

Alẹ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Bàbá ń ṣàlàyé ẹsẹ 11. Ònẹ́símù túmọ̀ sí ẹni tó wúlò, Pọ́ọ̀lù sì fi orúkọ náà ṣeré: ẹni tí kò wúlò fún ọ tẹ́lẹ̀ ti wá wúlò fún ọ, ó sì wúlò fún èmi náà. Ó ń sọ ọ́ dáadáa, gbogbo wa ń mi orí. Ó wá ní, “Ẹ rántí pé olè ni ọmọkùnrin yìí. Ó jí owó ọ̀gá rẹ̀ gbé, ó sì sá lọ.” Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa, kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà. Kì í sábà sọ̀rọ̀ nípàdé. Ó na ọwọ́ sókè díẹ̀, ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Bàbá rí i, ó ní kó sọ̀rọ̀.

Ọmọ náà ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó jalè?”

Ìyá rẹ̀ fi ìgúnpá kàn án. Èmi pàápàá, ọkàn mi dúró. Ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ láti wá bá wa, àgbàlagbà, àlejò, ọmọdé wá ń bi í ní ibo ni. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ 18. Ọmọ náà wo ìwé rẹ̀. Ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: bí ó bá ti ṣẹ̀ ọ́, tàbí tí ó jẹ ọ́ ní gbèsè kan, kà á sí mi lọ́rùn. Ó wá ní, “Bí ni wọ́n sọ, Bàbá. Bí ó bá.”

Bàbá gbé Bíbélì rẹ̀ sún mọ́ ojú. Ó ka ẹsẹ náà. Ó padà sí ẹsẹ 15, níbi tí a ti gbọ́ pé ó kúrò lọ́dọ̀ Fílémónì fún ìgbà díẹ̀, ó ka ìyẹn náà. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè. Kò sí ẹni tó mí. Ó ní, “Kò sí níbẹ̀. Wọn ò sọ pé ó jalè. Wọn ò tiẹ̀ sọ pé ó sá.” Ó dákẹ́ díẹ̀ sí i. “Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wàásù rẹ̀ pé olè ni. Ibi tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kọ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti mú un, mi ò padà wo ìwé.”

Ó wí fún ọmọ náà pé ó ṣeun. Ó mú ìwé kékeré rẹ̀, ó kọ nǹkan sí i, a sì parí ìpàdé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ní àkókò tí a máa ń parí rẹ̀. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ́ kọjá àkókò. Ó máa ń rántí Yútíkù, ọ̀dọ́mọkùnrin inú Ìṣe 20 tó jókòó lójú fèrèsé nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń sọ̀rọ̀ títí di ọ̀gànjọ́, tó sùn lọ, tó já bọ́ láti àjà kẹta. Ó ní àwọn kan máa ń fi Yútíkù bá àwọn tó ń sùn nípàdé wí. Lójú tirẹ̀, oníwàásù ló yẹ kó gba ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ènìyàn ti ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ kó tó wá jókòó ní alẹ́, o sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀ tó ti rẹ̀.

Mi ò rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ yẹn. Inú iyàrá tí a fún Bàbá, iná wà títí ó fi jinlẹ̀.

Ní alẹ́ kẹrin, kí a tó ka lẹ́tà, ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan. Ó sọ fún wa pé ìrìn-àjò lè ba oníwàásù jẹ́. Ìwàásù tó sọ níbí lónìí, ó lè sọ ọ́ níbòmíràn lọ́la, níbòmíràn lọ́túnla. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rín kan náà níbi kan náà, omijé kan náà. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ń pààrọ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tó bá a jókòó pẹ́ tó láti rí i pé òkúta kan wà nínú ìrẹsì tó ń sè. Ẹni tó ń gbé láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, wọn yóò padà bi í ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Alárìnkiri ti lọ. Ó ní òun ti gbàdúrà lálẹ́ àná fún gbogbo ilé tí òun ti sọ ọ̀rọ̀ náà, òun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí òun lè kọ lẹ́tà sí àwọn tí òun bá lè kàn.

Ó wá ní ká ṣí Ìṣe 18. Àpólò, ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, tó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa, dé Éfésù, ó ń wàásù pẹ̀lú ìgboyà. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀bọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Pìrìsíkílà àti Ákúílà gbọ́ ọ. Wọn ò dìde nínú sínágọ́gù láti já a ní irọ́. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Bàbá wo ọmọbìnrin yẹn, ó ní, “Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní àná nìyẹn.” Ọmọ náà tẹ orí mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà tẹ orí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ìdí tí èyí fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, oníwàásù mìíràn ti yà sọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jó bí iná. Alẹ́ mẹ́ta péré ló lò, kó tó lọ, ó ti sọ fún ẹnì kan láàárín wa pé ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ló fa àìsàn rẹ̀, ó sì ti gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kò ní. Kò sí ẹni tó bi í ní ibo ló ti rí i. Èmi náà kò bi í. Ilé mi ló ti sọ ọ́, mo jókòó, mo ń ṣe àmín. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà sí kò wá ìpàdé mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ àmín yẹn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ìjọ kéékèèké ti mọ ewu yìí. Ìwé ìlànà àtijọ́ kan wà láti ọwọ́ àwọn Kristẹni ìgbà ìjímìjí, tí wọ́n ń pè ní Didache, tí àlùfáà kan tó ń jẹ́ Philotheos Bryennios rí ẹ̀dà rẹ̀ ní Kọnsitantinópù lọ́dún 1873. Ó fi ìlànà lélẹ̀ nípa àwọn ìránṣẹ́ tó ń rìn kiri: ẹ gbà á bí ẹni pé Olúwa ni; kó lo ọjọ́ kan, tàbí méjì bó bá pọn dandan; bó bá lo ọjọ́ mẹ́ta, wòlíì èké ni. Bó bá ń lọ, oúnjẹ tí yóò gbé e dé ibi tí yóò wọ̀ sí ni kó mú. Bó bá béèrè owó, wòlíì èké ni. Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá, ó ní nípa ti ọjọ́, òun ti jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó tẹ́ òun lọ́rùn jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń gbé ilé ni wọ́n kọ ìlànà náà fún. Àwọn tó jókòó ni wọ́n ní kó yẹ ẹni tó ń kọjá lọ wò.

John Wesley náà, oníwàásù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lórí ẹṣin láti ìlú dé ìlú, kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ìwàásù nìkan. Láti ọdún 1742, àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Bristol bẹ̀rẹ̀ sí í pín ara wọn sí kíláàsì, bí ènìyàn 12 sí ọ̀kan. Gbèsè ilé ìpàdé ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ tìtorí rẹ̀ kó owó jọ. Nígbà tí olórí kíláàsì ń lọ bá kálukú, ó wá ń rí bí ayé wọn ṣe ń lọ. Wesley ti gun ẹṣin lọ. Àwọn méjìlá yẹn ló kù tí wọ́n ń bi ara wọn bí ọkàn wọn ṣe wà.

Bí ẹ̀kọ́ bá parí, iṣẹ́ Bàbá mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà tó máa ń tú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ènìyàn. Wọn yóò ti dìde, wọn yóò ti mú Bíbélì wọn, wọn yóò wá dúró. Lálẹ́ kẹrin yẹn, arákùnrin tó ní láti wo iwájú ìwé kó tó rí Fílémónì ló kẹ́yìn. Òun àti àbúrò rẹ̀ kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́fà, lórí owó. Gbogbo wa mọ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́. Ó bi Bàbá pé, “Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló jẹ mí ńkọ́? Tí kì í ṣe bí ó bá?”

Bàbá kò fún un ní èsì tí mo retí. Ó ní kó padà sí ẹsẹ 19. Pọ́ọ̀lù gba kálámù, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: èmi ni yóò san án. Bàbá ní, “Pọ́ọ̀lù kò sọ fún Fílémónì pé gbèsè kò sí. Ó ní bó bá wà, ẹnì kan ni yóò san án. Gbèsè kì í kú lásán, arákùnrin mi. Ẹnì kan máa ń gbé e.” Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo wọlé lọ kí n má bàa gbọ́ ìyókù. Ohun tó ti ìdí rẹ̀ jáde láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tiwọn ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Alẹ́ karùn-ún ni a dé ẹsẹ 22. Pèsè ibùwọ̀ sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú. Bàbá kà á, ó sì dákẹ́, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ń sùn nínú iyàrá wa. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń rìn, ẹsẹ yìí ni òun fẹ́ràn jù nínú gbogbo lẹ́tà Pọ́ọ̀lù. Ẹlẹ́wọ̀n ló kọ ọ́. Kò mọ̀ bóyá wọn yóò tú òun sílẹ̀, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá àgbà ní ẹsẹ náà tún le díẹ̀ o: bí Pọ́ọ̀lù bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí yóò wò ni ibi tí Ònẹ́símù wà. Ṣé òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn bí ẹrú, àbí ó jókòó pẹ̀lú wọn bí arákùnrin? Bàbá ní òun kò ronú kàn án rí. Ó kọ ìyẹn náà sínú ìwé kékeré rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo bi í lálẹ́ yẹn, nígbà tí àwọn ènìyàn ti lọ, bóyá ilé kì í wù ú. Ó ní ó ń wù ú. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, ṣùgbọ́n àga kan wà nílé tí òun máa ń rántí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lọ ní òwúrọ̀ kùtù pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo rẹ̀.

Ìpàdé wa àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò lọ dáadáa. A to àga yíká bó ṣe fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo gbìyànjú láti ṣe bíi tirẹ̀. Mo ti kọ àlàyé sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta. Mo kà á fún wọn. Wọ́n gbọ́, wọ́n ṣe àmín, wọ́n lọ. Nígbà tí mo ń to àga, mo rí i pé mo ti padà sídìí tábìlì aṣọ funfun yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò kọ nǹkan kan. A ní ká ka lẹ́tà kékeré mìíràn, Jòhánù Kẹta, nítorí pé òun náà sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń rìn kiri àti àwọn tó ń gbà wọ́n sílé: Gáyù tó gbà wọ́n, Dìótíréfè tó kọ̀ wọ́n tó sì ń lé àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n kúrò nínú ìjọ. Ọkọ mi kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó parí, ìdákẹ́jẹ́ náà tún dé, ọ̀kan tó ń jẹ́ kí ènìyàn máa gbọ́ aago ara ògiri. Mo há ẹnu láti sọ nǹkan, mo sì pa á dé.

Ọmọbìnrin yẹn fa àga rẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó wo Bíbélì rẹ̀, ó wo gbogbo wa yíká, ó wá ní, “Ta ló wà nínú yàrá náà?”

Arákùnrin yẹn ló kọ́kọ́ dáhùn. Àbúrò rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.